Afárá Tí Mo Fi Tan Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ìyá mi nínú Ẹgbẹ́ Ìyá Rere, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì rán àmùrè búlúù yẹn. Mo gbọ́ pé Ìyá Ẹ̀bùn ti ra aṣọ rẹ̀, pé ní Sunday tó ń bọ̀ ni ẹ fẹ́ dì í mọ́ mi níbàdí kí ẹ sì máa pè mí ní Ìyá Ẹgbẹ́. Ìdí tí ẹ fi yàn mí ni Wòlíì Akínlabí sọ níwájú gbogbo ìjọ: wọ́n ní èmi Tóyìn ni obìnrin tó sọ ìyá ọkọ di ìyá. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gún mi bí ẹ̀gún tó kán sínú àtẹ́lẹsẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Ohun tí mo fi pamọ́ fún ọdún méjì ni mo kọ síbí yìí, kí akọ̀wé kà á sí yín létí láìfo ìlà kan. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, kí ẹ wá pinnu ẹni tí ẹ máa fún ní àmùrè.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbínú, nítorí inú ìbínú ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ìgbà tí èmi àti Babáwálé pé ọdún mẹ́tàlá nínú ìgbéyàwó, mo sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Láti ìgbà tí a ti dé Houston, iṣẹ́, ilé, ìjọ, iṣẹ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń jáde ní Pearland, kí n lè dé Medical Center kí ọkọ̀ tó kún freeway. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń gbé aláìsàn dìde, tí mo fi ń gbé aláìsàn dùbúlẹ̀, n ó tún wá padà sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Mo ní mo fẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré, èmi àti òun àti Ìlérí ọmọ wa, ní Amsterdam, ìlú àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ odò la inú rẹ̀ já bí ojú ìlà inú irun dídì. Babáwálé gbà. Oṣù méjì ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo wá òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí omi, mo yan ọjọ́ tí a ó wọ ọkọ̀ ojú omi, mo kọ ohun tí a ó ṣe sílẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀ gan-an, nídìí tábìlì oúnjẹ, ìyá Babáwálé tó ń gbé lọ́dọ̀ wa béèrè ibi tí a ń lọ. Ọkọ mi kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, “Amsterdam ni, ma. Ẹ̀yin náà á bá wa lọ.” Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ní kí wọ́n fi iyọ̀ kún ọbẹ̀.

Màmá fi ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n fi orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì mú fọ́tò kan jáde láti inú Bíbélì wọn. Bàbá Babáwálé ni, nígbà tí wọ́n ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun akẹ́rù. Wọ́n dúró lórí afárá onígi funfun kan ní Amsterdam yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀wù wọn tóbi jù wọ́n lọ. Ẹ̀yìn fọ́tò náà, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé, “Ibí ni n ó mú ọ wá.” Bàbá kú kí wọ́n tó lè mú ìlérí yẹn ṣẹ. Màmá ní Ọlọ́run ò gbàgbé àwọn, wọ́n sì fi fọ́tò náà bo àyà. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ sọ fún mi, ta nínú yín ló máa lanu níbẹ̀ yẹn pé rárá o, ẹ ò ní bá wa lọ? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “A dúpẹ́, ma.” 

Láti ọjọ́ yẹn ni ètò mi ti dàrú. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo yàn, àtẹ̀gùn rẹ̀ nà ṣánṣán bí àkàbà, orúnkún Màmá kò lè gùn ún. Mo wá òmíràn. Màmá béèrè bóyá àwọn lè lu agogo àdúrà níbẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n béèrè bóyá iná wà tí àwọn lè fi ro ẹ̀bà, torí àwọn ò lè fi ọjọ́ mẹ́rin jẹ búrẹ́dì bí ẹyẹ. Wọ́n ní a ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi láìgbàdúrà sí omi náà, àti pé àwọn máa bu díẹ̀ nínú rẹ̀ wálé. Mo yí òtẹ́ẹ̀lì padà lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Babáwálé máa ń béèrè, kó tó bọ́ bàtà, pé ṣé mo ti ṣe ti Màmá. Òun ló pè wọ́n, èmi ni mò ń ṣe é. N kò bá a jà. Ẹnu ni mo ní, n kò lò ó, mo kàn ń kó o sínú.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ fíìsà, àwa mẹ́ta ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó máa bi wá ní nǹkan kan. Ti Nàìjíríà ni Màmá ní, àfi kí wọ́n gba fíìsà. Gbémi, àbúrò Babáwálé tó ń gbé ní Cypress, wá bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, ó sì kó gbogbo ìwé lé mi lọ́wọ́, nítorí èmi ni wọ́n ní mo mọ nǹkan wọ̀nyí ṣe. Èmi ni mo gba ọjọ́ tí Màmá máa lọ tẹ̀ka fún fíìsà náà. Ní ọ̀sán Tuesday kan, mo wà níbi iṣẹ́, mo fẹ́ jẹun, ni òtẹ́ẹ̀lì kẹta bá kọ̀wé pé yàrá ìsàlẹ̀ kò sí mọ́. Ohun kan já nínú mi. Mo ṣí ibi tí ọjọ́ Màmá wà lórí fóònù, mo ní kí wọ́n fagi lé e. Wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, mo jẹ ìrẹsì mi tán.

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni Màmá kéde pé àwọn máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ojú rere lọ́wọ́ àwọn tó máa fún àwọn ní fíìsà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ̀ pé Màmá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, mo mọ ohun tí ebi lè ṣe fún irú ara bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹnu lásán sọ pé kí wọ́n rọra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kúnlẹ̀, tí wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn, èmi tí mo ti ti ìlẹ̀kùn náà, mò ń ṣe àmín. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá wọn nínú ilé ìdáná, wọ́n di etí síǹkì mú, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n. Mo fún wọn ní omi tí mo po oyin sí, mo tún wá ń bá wọn wí bí ọmọdé. N kò jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Òkúta ló wà nípò ọkàn mi nígbà yẹn, n kò lè pè é ní orúkọ mìíràn.

Irọ́ kan ló ń bí èkejì. Nígbà tó ku ọ̀la tí Màmá máa lọ tẹ̀ka, mo ní wọ́n ti dá ìwé náà padà, pé wọn kò gbà á. Màmá béèrè ìdí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ṣe rí láàárín wa: ọjọ́ ìbí kan wà nínú Bíbélì bàbá Màmá, òmíràn sì wà nínú páásípọ́ọ̀tù, èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn lọ búra fún ní kóòtù nígbà tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti ń ba Màmá lẹ́rù. Mo lọ síbi tí mo mọ̀ pé ó máa dùn wọ́n. Mo ní Gbémi ló kọ ti inú Bíbélì sínú fọ́ọ̀mù. Irọ́ ni. Gbémi kọ ọ́ dáadáa, ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi di òní. Màmá pè é lórí fóònù níwájú mi. Wọ́n ní, “Gbémi, o fọwọ́ ara rẹ dí ọ̀nà tí bàbá rẹ là fún mi.” Gbémi kọ́kọ́ búra pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, “Mummy, I'm sorry, bóyá èmi ni mo ṣì í kọ lóòótọ́.” Mo wà lórí àga, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò tẹ ilé Gbémi mọ́.

A lọ. Màmá din ṣinṣín fún wa, wọ́n fi fọ́tò Bàbá lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ìyá Ìlérí, bá mi wá afárá yẹn, kí o yà á wá fún mi.” Ẹ má bi mí bí a ṣe gbádùn ìlú náà. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ni. Babáwálé di ẹni tí kò sọ̀rọ̀, àfi tó bá fẹ́ sọ pé Màmá ì bá fẹ́ràn èyí, Màmá ì bá fẹ́ràn tọ̀hún. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo torí rẹ̀ ṣìkà, n kò rí wákàtí kan fi sinmi nínú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, òun àti Ìlérí lọ wo ọkọ̀ òkun àtijọ́, ó ní kí n lọ wá afárá. Mo fi fọ́tò náà han obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé funfun ló ṣì wà, igi ló ṣì jẹ́, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo jáde. Òjò ń pa mí, bàtà mi rin gbindin, inú ń bí mi sí ìyá tó wà ní Pearland tó tún ń rán mi níṣẹ́. Ní ìkóríta àkọ́kọ́, mo rí afárá bíríkì kan. Mo ya ìyẹn, mo padà sínú òtẹ́ẹ̀lì, mo mu kọfí.

Ẹ̀yin ìyá mi, èyí ló burú jù. Màmá gbé fọ́tò mi súnmọ́ ojú, nítorí ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Igi ni ti Bàbá Babáwálé.” Mo ní, “Wọ́n ti fi bíríkì tún un kọ́, ma.” Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ayé ń yí. Wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá, wọ́n sì gbé e wá sí ìjọ fún ìdúpẹ́. Ẹ rántí. Gbogbo yín lẹ wò ó, tí ẹ kí mi pé mo kú iṣẹ́. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, wọ́n máa ń kí Bàbá, wọ́n á tún wá fọwọ́ pa bíríkì mi lára.

Mo lè gbé àṣírí náà dé sàréè, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ kún irọ́. Gbémi ló fọ́ òkúta inú mi. Lọ́jọ́ tí Wòlíì yìn mí, ó dúró dè mí lẹ́bàá ọkọ̀ mi lẹ́yìn ìsìn. Ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná yẹn, ó ní òun dúpẹ́ pé mò ń tọ́jú ìyá òun, pé kí n máa bá òun bẹ̀ wọ́n, nítorí òun mọ̀ pé òun ni òun ba ìrìn àjò wọn jẹ́. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Mo wọ ọkọ̀, mo wa ọkọ̀ kọjá ilé ara mi láìmọ̀.

Ní Thursday tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí mo kán oògùn sójú Màmá tán, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò pariwo.  Wọ́n ní, “Gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.” Mo gbé e kúrò. Wọ́n ní kí n pe Gbémi wá. Babáwálé sọ lọ́jọ́ kejì pé òun náà jẹ̀bi, pé ó yẹ kí òun ti bi mí kí òun tó pe ìyá òun. Ó dára tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló fagi lé ọjọ́. Ìlérí ló ń kán oògùn fún Màmá báyìí. Bí mo bá wọlé, wọ́n máa ń dá mi lóhùn, wọn kàn kì í pè mí ní “ìyàwó mi” mọ́.

Ojú ọ̀tún wọn ti lọ. Ti òsì, wọ́n ní ó dà bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́, dókítà kò sì ṣèlérí pé á dé Kérésì. Gbémi ti mú wọn lọ tẹ̀ka, a ò tíì gbọ́ èsì. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n bá wọn lọ sí Amsterdam, kí n máa ti kẹ̀kẹ́ ìjókòó wọn. Màmá ní, “Gbémi ló máa mú mi lọ. Ìwọ, dúró nílé.” Ẹ̀tọ́ wọn ni. Èmi ni mo wá ń gbààwẹ̀ fíìsà yìí.

Nítorí náà, ẹ fún ẹlòmíràn ní àmùrè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó, bí ohun kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kódà kí ilé dàrú. Ilé tó dàrú ṣeé tún ṣe. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Gbémi níwájú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ má tíì gbà á fún mi, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí ìwé fíìsà náà jáde kí ojú kan yẹn tó pa dé. Afárá náà ṣì wà níbẹ̀. Igi ni, funfun ni, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni láti òtẹ́ẹ̀lì wa.