Mọ́tò Tí Kò Fì Mọ́

Ó ku díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà tí mo wọ mọ́tò kékeré kan láti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n, tí mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu dírẹ́bà àti ìyá rẹ̀ tí kò ríran mọ́, tí wọ́n jọ jókòó níwájú.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára? Mẹkáníìkì ti fi irin kún sípíríìngì rẹ̀. Kò ní máa fì ní kọ́nà mọ́."

"Ibo la dé?"

"A ti kọjá odò, a ti kọjá oko Bàbá."

"A ti kọjá oko bàbá rẹ?"

"Àní ẹ ò tiẹ̀ di ilẹ̀kùn mú bíi ti tẹ́lẹ̀!"

"Ẹ̀rù kọ́ ló máa ń bà mí. Tó bá fì sọ́tùn-ún, màá mọ̀ pé odò nìyẹn. Tó bá fì sósì, màá mọ̀ pé oko bàbá rẹ nìyẹn, màá sì ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Òní ni mo kọjá níbẹ̀ láìṣàdúà."

"Ṣé kí n ní kí wọ́n tú irin náà ni?"

"Rárá o. Ọmọ ọlọ́mọ lò ń gbé, má jẹ́ kó dojú dé nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n mọ́tò yìí ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ìwọ tó o pa á lẹ́nu mọ́, ìwọ ni kó o máa sọ̀rọ̀ báyìí."

Ìwọ tó o pa á lẹ́nu mọ́. Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó ṣe díẹ̀, dírẹ́bà rọra ní, "Ìyá, kọ́nà kan rèé. Òsì la ó yà."

Mọ́tò náà yà, kò fì rárá. Ìyá náà ló fi ara wọn fì sọ́tùn-ún.