Ẹ Má Dá Gálọ́ọ̀nù Yẹn Lu

Ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ìlì kan ní Agége, màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù fa ọ̀bẹ yọ láti dá gálọ́ọ̀nù òfìfo lu, ni ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ìlì inú ẹ̀ sí ọkọ̀ rẹ̀ bá gbá ọwọ́ màmá mú.

"Màmá, ẹ má dá a lu. Ẹlẹ́rìí mi nìyẹn."

"Ẹlẹ́rìí kí ni?"

"Ọkọ̀ mi ṣì ní wáránti. Àwọn tó tà á fún mi ní mo lè ra ọ́ìlì níta, tó bá ṣáà ti jẹ́ irú tí ìwé ọkọ̀ sọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá dẹnu kọlẹ̀, kí ni màá fi hàn wọ́n kí wọ́n lè tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ọ̀gá mi, tí mi ò bá dá a lu, àwọn tó ń ṣa gálọ́ọ̀nù á gbé e. Wọ́n á rọ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n sẹ́ sínú ẹ̀, wọ́n á tún tà á fún yín."

"Ilé mi ni mò ń gbé e lọ."

"Mélòó ló wà ńlé?"

"Ó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ní ó dà bíi pé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lòún ń sùn."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí ìyàwó yín bá fìbínú kó o síta ńkọ́?"

Màmá dojú gálọ́ọ̀nù dé, ó ti ọ̀bẹ bọ ìdí ẹ̀, ó sì gbé e fún un.

"Mi ò fọwọ́ kan orúkọ tó wà lára ẹ̀. Ó ṣì lè jẹ́rìí. Kò kàn lè jalè mọ́ ni."

Ọkùnrin náà fi ojú kan yọjú wo ihò náà.

"Màmá, ẹ má tíì tilẹ̀kùn o. Ẹ jẹ́ n lọ kó ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá."