Mo Dúró Lẹ́nu Géètì ní Bẹlúnò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀ ni mò ń gbẹ́ jẹun. Láti ìgbà tí mo ti dé Barking nílùú òyìnbó níbí, ṣọ́bìrì ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ ri páìpù omi mọ́, èmi ni wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ti Ítálì dé, bí mo bá ti ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀ báyìí, mo máa ń dúró, tí màá máa wo inú ihò náà. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún níbi iṣẹ́?

Bùkọ́lá ni àkọ́bí mi. Ará Ítálì kan, Paolo, ló fẹ́ ẹ, tó sì mú un lọ sí Bẹlúnò, ìlú àtijọ́ kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. "Dádì, ẹ wá wò ó," ló máa ń wí lórí fóònù. "Òkè níwájú, òkè lẹ́yìn, àfi bí Ẹ̀fọ̀n ìlú yín! Òtútù ibẹ̀ nìkan ló burú." Mo ra fìlà òtútù kan fún un lọ́jà East Street. Mo ní èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ. Àìsàn ọkàn tó kọlu Bùkọ́lá ni kò jẹ́. Ó kú lójijì, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ sì sin ín sí. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. A kò lọ síbi ìsìnkú náà, nítorí ẹ kúkú mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi ní òun kò lè fara dà á mọ́. "Bàbá Bùkọ́lá, bí ẹ ò bá lọ wo sàréè ọmọ wa, èmi á lọ." Mo ní màá tẹ̀ lé e. Ni màmá mi bá pè láti Ẹ̀fọ̀n: "Ìlú nìkan ni kó o lọ wò o! Bí o bá débi tí ọmọ yẹn wà, ikú á tún mọ̀nà ilé rẹ. Méjì péré ló kù fún ọ."

Ní ibùdókọ̀ ojú irin Bẹlúnò, Paolo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wa bí Bùkọ́lá ti kọ́ ọ, gbogbo èrò ń wò ó. "Dìde, àna mi, aṣọ rẹ!" ni ìyàwó mi ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Paolo mú wa yí ìlú ká. A rí ilé òkúta tí wọ́n ti kọ́ kí baba ńlá mi tó dáyé, a rí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ga gogoro, omi tútù tó ń tú jáde láàárín gbàgede, àti yìnyín funfun lórí òkè. Háà, ìlú náà dára! Ẹwà rẹ̀ gan-an ló ń dùn mí, torí gbogbo ibi tí mo tẹ̀ ni mo ń rò pé ọmọ mi ti tẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà la dé ẹnu géètì itẹ́ òkú. Ìyàwó mi bọ́ bàtà rẹ̀ bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, ó wọlé. Ẹsẹ̀ tèmi kọ̀.

"Ẹ gbé fìlà náà wá, kí n bá yín fún un," ni ìyàwó mi wí láti inú géètì.

"Rárá o. Èmi ni màá fún un."

Mo jókòó sórí òkúta níta, fìlà lọ́wọ́. Nígbà tó jáde, ó ní, "Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sára òkúta sàréè, Bàbá Bùkọ́lá. Ó ń rẹ́rìn-ín." Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń lọ lọ́nà ọ̀fun ìyàwó mi, tó tún ń kọrin nídìí iná. Èmi ńkọ́? Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì tó kù bá húkọ́ pẹ́rẹ́, àyà mi á já, bẹ́ẹ̀ n kò kúkú wọlé!

Paolo ti tún pè wá pé ká máa bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ àjèjì gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe? Ṣé kí n gbọ́ ti màmá mi ni, àbí kí n wọlé? Fìlà náà wà lápò ẹ̀wù iṣẹ́ mi bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti sọ pé èmi ni màá fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fún un láti ẹnu géètì?