Ọmọ Ajá Tí Ìyá Kapembwa Tà Fún Mi

Rárá o, Ìyá Kapembwa, ẹ gbé àga yẹn padà, mi ò jókòó! Ẹ gbé omi yín náà padà, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi wá. Mo ti jókòó sórí àga yín rí níwájú ilé yìí kan náà, mo pàtẹ́wọ́, mo kúnlẹ̀ kí yín bí a ti í kí àgbà, mo mu ẹlẹ́rìndòdò yín, mo jẹ búrẹ́dì yín, ibẹ̀ náà lẹ ti rẹ́ mi jẹ. Ìdúró ni n ó fi sọ tèmi lónìí. Kí Olúwa dárí jì mí, mo mọ̀ pé ẹ jù mí lọ, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ṣáájú àdúrà ẹgbẹ́ Dọ́kásì, ṣùgbọ́n inú mi ń hó, ẹ jẹ́ kó hó jáde.

Ajá lásán, àbí kí lẹ wí? Ẹ ní nítorí ajá lásán ni èmi Ìyá Bwalya ṣe rìn láti Masala wá pariwo lẹ́nu ọ̀nà yín? Háà! Ọjọ́ tí ẹ ń tà á fún mi, ajá lásán kọ́ ni. "Ojúlówó ajá Jámánì ni, arábìnrin mi, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń lò, kò lábùlà kankan, bàbá rẹ̀ gba ẹ̀bùn ní Lusaka." Ṣebí ẹnu yín ló ti jáde? Ìgbà tó kú tán ló wá di ajá lásán!

Ọdún kọkànlá rèé tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bi ara yín, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn mi rí ju "àmín" lọ? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹ wá wo bí ẹ ti sọ mí dà.

Ẹ sì mọ ohun tó mú mi wá ajá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbọ́wọ́ lé ọmọ náà lórí? Olè já wọlé wa lọ́sàn-án gangan, èmi wà níbi tí mo ti ń dín àkàrà ifitumbuwa tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, Bwalya nìkan ló dùbúlẹ̀ sílé pẹ̀lú ibà. Wọn ò fọwọ́ kàn án, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́ mọ́. Ẹ gbàdúrà fún un, a ṣe àmín, ẹ̀yin bá fà mí lápá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ní ohun tí yóò lé ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn àdúrà, Ìyá Kapembwa! Àmín kò tíì gbẹ lẹ́nu wa!

Bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Siame tó ń sin ajá tà lójú ọ̀nà Kitwe o, kí ẹ má rò pé mi ò mọ ibòmíràn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kwacha ló pe tirẹ̀, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́, owó yẹn kọ́ ló bí mi nínú jù, ìbéèrè ni. Ṣé ọgbà ilé yín ga? Ta ni yóò máa wà lọ́dọ̀ ajá lọ́sàn-án? Kí ni yóò máa jẹ? Ó ní dandan kí n wọlé wá wo ìyá rẹ̀, kí n wo bàbá rẹ̀, kí n fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ó ní ọmọ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò ní í kúrò lọ́mú, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún ní bó bá sú mi lọ́jọ́ iwájú, kí n má tà á, kí n má lé e sí ìgboro, kí n dá a padà fún òun. Mo ní, èwo nìyí? Ṣé ọkọ ni bàbá yìí ń wá fún ọmọ ni? Mo bínú, mo wọ mọ́tò padà sílé. Òmùgọ̀ ni mí! Ẹni tó ń bi mí léèrè, ajá rẹ̀ ló ń ro. Ẹni tí kò bi mí ní nǹkan kan, àpò mi ló ń wò.

Nítorí ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀, ó parí. Ẹ gbé ọmọ mẹ́rin jáde nínú agbọ̀n, ẹ fi aṣọ funfun bò wọ́n bí ọrẹ ìkórè. Mo béèrè ìyá wọn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo béèrè! Ẹ ní ó wà ní Luanshya lọ́dọ̀ àbúrò yín, ó lọ sinmi. Ajá lọ sinmi! Etí mi méjèèjì sì ń gbọ́ ẹ̀wọ̀n tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ilé yín níbí. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ló gba ẹ̀kọ́ ilé ní ìlú yìí tí yóò dìde lórí àga tí àgbà fi í sí, tí yóò yọjú sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é? Ìyá mi ì bá jí dìde kúrò nínú sàréè wá gbá mi létí. Ẹ mọ̀ pé wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀kọ́ ilé mi ṣe ògiri, ẹ sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Bwalya pe ọmọ ajá náà ní Kalulu. Ó ní etí rẹ̀ ń bọ̀ wá dìde bíi ti ehoro. Ọjọ́ mẹ́ta péré lọmọ mi fi dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìpè mí, ọjọ́ mẹ́ta! Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Kalulu ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, mo sáré dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, mo sì mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí ẹ fún mi dání, tí mo dì sínú Bíbélì kó má baà ká. Dókítà wo ìwé, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá, ta ló fún yín ní èyí?" Mo ní ìyá ìjọ wa ni. Ó ní bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ara ìgò oògùn lúkúlúkú ni wọ́n ti ṣí i. Oògùn adìẹ! Ẹ ṣí i lára oògùn àwọn adìẹ yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ajá, nítorí ẹ mọ̀ pé ìwé tí mo kà kò dé ibi tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn wà!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Dókítà la ẹnu ajá náà, ó wo eyín rẹ̀, ó ní kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, ọmú ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ṣì wà. Mo ní, ojúlówó Jámánì tilẹ̀ ni? Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá rẹ̀ lè jẹ́ Jámánì, ó sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lójú títì. Ilẹ̀ ò ṣú lọ́jọ́ kejì tó fi kú. Súwẹ́tà ilé ìwé ni Bwalya fi wé e.

Gbogbo ìyẹn, mo gbé e mì. Mo ní mo fi lé Olúwa lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ló ju èje lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ mi wá bá yín, ó ní, "Ìyá àgbà, Kalulu ti kú." Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Níwájú gbogbo àwọn ìyá Dọ́kásì, ẹ ní, "Kí lo fún un jẹ?" Ó ní wàrà. Ẹ ní, "Háà! Wàrà màlúù? Ṣé o rí i, ìwọ lo pa á." Ẹ sọ ọ́ tán, ẹ yíjú padà sí ìdí tíì yín.

Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe. Ọmọ náà kì í gbé ọmọ ọwọ́ ilé kejì mọ́, ọmọ tó máa ń dù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní kí òun má lọ pa á. Nshima tí mo bá rò, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ kiri inú abọ́. Lánàá ló bi mí pé, "Ìyá, ṣé Ọlọ́run máa ń dárí ji ẹni tó pa nǹkan?" Kí ni kí n sọ? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúrà!

Òmíràn kẹ̀? Ẹ ní ẹ ó fún mi ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́? Mo ti rí àwọn òmíràn náà. Ẹ̀yìn ilé ni mo gbà wá lónìí, mo yọjú láti ibi tí páànù ti ya, mo ṣe ohun tí ìyá mi ní kí n má ṣe. Mo rí ìyá wọn. Egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà, ọmú rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ti jẹ ọrùn rẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù sì ń fà á mu. Ó gbójú sókè wò mí, kò tilẹ̀ lágbára àtigbó. Ìyá lẹ̀yin náà, Ìyá Kapembwa. Ṣé ó ń sinmi dáadáa ní Luanshya?

Rárá, ẹ má tú etí ìró, ẹ pa owó yín mọ́. Ṣé owó ni yóò bá ọmọ mi sọ̀rọ̀? Mo ti sọ fún un pé òun kọ́ ló pa á. Dókítà sọ fún un, ó ní àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ kó tó dé ilé wa. Ẹ mọ ohun tó ní? Ó ní, "Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà tó ń gbàdúrà ló sọ pé èmi ni." Ọ̀rọ̀ yín ló gbà ju tèmi tí mo bí i lọ!

Nítorí náà ẹ wọ bàtà. Ẹ ó bá mi dé Masala nísinsìnyí, ẹ ó wo ojú rẹ̀, ẹ ó ní, "Bwalya, irọ́ ni mo pa mọ́ ọ, ajá náà ti ń ṣàìsàn kí n tó tà á, ọwọ́ rẹ mọ́." Bí ẹ ò bá lọ, lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n bá ní ta ló ní ẹ̀rí, èmi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ni n ó dìde, ìwé oògùn adìẹ yẹn á sì wà lọ́wọ́ mi.

Kí lẹ wí? Ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbàdúrà? Ìrìn kì í dí ẹnu lọ́wọ́, Ìyá Kapembwa. Ẹ máa gbà á lọ lójú ọ̀nà.