Akínlàjà àti Oko Tí A Kò Sun

Ní ayé àtijọ́, kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, Akínlàjà tó tẹ agboolé wa dó jẹ́ àgbẹ̀ paraku. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ilẹ̀ ìlú yìí ti ṣá nígbà náà. Wọ́n sun oko, wọ́n gbin iṣu. Wọ́n tún sun ún, wọ́n tún gbìn ín. Iṣu wá ń ta bí ìka ọmọdé. Ìlú fẹ́ tú. Akínlàjà kò fẹ́ kí ó tú, nítorí ibẹ̀ ni ó sin ìyá rẹ̀ sí.

Ó ti ṣàkíyèsí pé létí oko òun, níbi tí iná kì í dé, tí ewé jíjẹrà bo ilẹ̀, iṣu ibẹ̀ a máa tóbi. Ó wá bẹ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má sun oko mọ́, kí wọ́n fi koríko bo ebè, kí wọ́n sì gbin ẹ̀wà sí àárín rẹ̀.

Hà! Ṣé ẹ mọ̀ pé lójú wọn, oko tí a kò sun, oko ọ̀lẹ ni? Ṣàngódeyì, àgbà àgbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló kọ́kọ́ fọhùn.

“Akínlàjà, bí iṣu mi ò bá ta ńkọ́? Ṣé koríko ni n ó fún àwọn ọmọ mi jẹ?”

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Akínlàjà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Bàbá, ẹ wá kó tèmi nínú àká. Ẹnikẹ́ni tí iṣu rẹ̀ ò bá ta, kó wá.”

Wọ́n gbà. Àmọ́ òjò ọdún náà kò dára, iṣu kò sì ta. Ṣàngódeyì gbé agbọ̀n dé, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Akínlàjà yọ ìlẹ̀kùn àká rẹ̀ kúrò, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti kàn án. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń wo iṣu tó ń lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí mo bá ti dé ibí yìí, àánú obìnrin yẹn a máa ṣe mí.

“Baálé mi, kí ni àwa ó jẹ?”

“Èsúrú igbó.”

Èsúrú kíkorò náà ni wọ́n jẹ títí ọdún fi yípo.

Ta ni yóò jẹ iṣu ẹni tán tí yóò tún kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Wọn kò sun oko lọ́dún kejì. Koríko ọdún àkọ́kọ́ ti jẹrà, ilẹ̀ ti dúdú, ó ti rọ̀, òjò sì rọ̀ dáadáa. Iṣu ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ebè. Ṣàngódeyì fúnra rẹ̀ ló ru iṣu tó kọ́kọ́ hú wá bá Àwẹ̀ró.

“Ìyàwó wa, gbé èsúrú yẹn sílẹ̀.”

Ìlú kò tú mọ́. Ìdí nìyí tí àká ilé wa kì í fi í ní ìlẹ̀kùn. Bí àgbẹ̀ kan bá dán ohun tuntun wò tí kò bọ́ sí i fún un, yóò wọlé, yóò kó iṣu. Ẹ kò gbọdọ̀ bi í pé kí ló dé. Ẹ ṣáà gbé e rù ú.