Omi Ẹ̀rọ Hòtẹ́ẹ̀lì ni Mo Pè ní Omi Àdúrà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ níkùn mi. Ó wúwo ju àpò gàrí lọ, bẹ́ẹ̀ àpò gàrí, èèyàn lè bá ni gbé e. Èyí, èmi nìkan ni mo rù ú.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ó kù díẹ̀ kó pa èèyàn. Ẹni náà kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo rí i pé irọ́ tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ sí Berlin ti wọ ọkọ̀ ojú irin tẹ̀ lé mi dé Hamburg, kò tiẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fò ó.

Oníṣòwò ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Altona: ẹja gbígbẹ, gàrí, ata, ìpara, irun. Osdorfer Born ni mò ń gbé, lókè pátápátá, nínú ilé kan tí lift rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú.

Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Nínú ìjọ wa, bí arábìnrin kan bá ń wá ọmọ, a máa ń yan ìyá kan tó máa wọ yàrá àdúrà lọ nítorí rẹ̀. Ìyá náà á ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Á gbààwẹ̀, á sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á gbé omi síwájú pẹpẹ. Bó bá jáde, ẹni tó ń wá ọmọ á fi omi yẹn wẹ̀, á sì mu nínú rẹ̀. Àwa tí a wà ní Hamburg, gbọ̀ngàn tí a ń háyà ní ọjọ́ Sunday ni à ń lò. Bí a bá ti ń ṣe àmín, àwọn oníjó kan á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ijó lọ́wọ́. Kò sí ibi tí èèyàn lè ti ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka wa ní Berlin ló ní yàrá àdúrà, ní Lichtenberg, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá.

Arábìnrin Bọ́lá ló ń wá ọmọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn ìyá ìjọ ní èmi ni kí n lọ fún un, nítorí pé ohùn mi máa ń ròkè nínú àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn kọ́ ni ìgbàgbọ́. Ohùn ni mo fi ń tajà.

Bọ́lá sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó tó ń sáré kiri, ó gbé kẹ́ẹ̀gì funfun kékeré kan lé mi lọ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì òfìfo.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan ni mo ní o."

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi, wọ́n á tẹ̀ ọ́ pa níbí. Ó ti parí."

Kò tíì bẹ̀rẹ̀, mo ti ní ó ti parí. Ẹnu ọlọ́jà nìyẹn.

Nígbà tí mo dé Lichtenberg, bàbá kan tó ń tọ́jú ilé àdúrà fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, Schicht òun, ìyẹn àsìkò iṣẹ́ òun, ti tó. Ó tún ní Heizung ti bàjẹ́, kò sí ooru nínú ilé, àwọn tó máa tún un ṣe kò tíì wá.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n iná Ẹ̀mí á mú yín gbóná, Màmá."

Mo ní, "Àmín, sà. Iná tiyín náà ńkọ́, tí ẹ fi wọ kóòtù méjì?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ó wá ku èmi àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. A kì í wọ bàtà nínú ilé àdúrà wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òtútù gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé, ó gba orúnkún kọjá, ó wá ń kan eyín mi mọ́ra wọn. Mo gbàdúrà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé n kò gbàdúrà rárá. Ó tó ìgbà tí èèyàn lè fi se ẹyin jinná. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọmọ mi obìnrin, Dámilọ́lá. Orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ni mo máa ń bá a sọ, German ló fi ń dá mi lóhùn.

Mo ní, "Bá mi wá ibi tí mo lè na ẹ̀yìn sí, lónìí nìkan."

Ó ní, "Mama, ich dachte, du betest." Ó ní ṣebí àdúrà ni mo wá gbà.

Mo ní, "Mò ń gbà á lọ́wọ́. Ọlọ́run ò ní kí n gan."

Ó bá mi wá hòtẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ kéré jù lọ níbẹ̀, kò sì jìnnà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti dé hòtẹ́ẹ̀lì tí kò ní èèyàn rí? Mo kí wọn "Guten Tag", ògiri ló gbọ́. Kò sí káńtà, kò sí akọ̀wé. Nílé wa, ó kéré tán, ẹnì kan á gbórí lé káńtà sùn, wàá jí i, á sì bínú sí ọ. Níbí, ẹ̀rọ kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń bi mí ní orúkọ. Nọ́ńbà tí Dámilọ́lá fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ni mo tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìwọ lo máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ìwọ lo máa mú tówẹ̀lì nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Bí o bá ń lọ, ìwọ náà lo máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì jù sínú agbọ̀n. Mo ní, há à, wọ́n sọ mí di àlejò, wọ́n tún sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ṣùgbọ́n yàrá náà gbóná! Ó gbóná bí ẹ̀yìn ìyá. Mo sọ fún ara mi pé màá kàn na ẹ̀yìn díẹ̀ ni. Mo sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ kó ẹrù. N kò mọ̀ pé oorun tó tó bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé.

Nígbà tí mo jí, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti mú tówẹ̀lì, èmi àti sùtánà funfun mi, láìwọ bàtà. Gbàgà! Ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀. Fóònù wà nínú yàrá, nọ́ńbà ilẹ̀kùn wà nínú fóònù. Mo dúró síbẹ̀ bí áńgẹ́lì tí wọ́n lé jáde lọ́run.

Òyìnbó kan tó ru báàgì dé. Ó wo aṣọ mi, ó rò pé èmi ni mo ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ó béèrè tówẹ̀lì. Mo na ìka sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tún béèrè ibi tí wọ́n ti ń se tíì. Mo na ìka síbòmíràn, n kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni. Ó dúpẹ́ gan-an. Kò pẹ́ ló mú ìyàwó rẹ̀ wá, ìyẹn náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn, ẹni tí kò rí yàrá wọ̀! Nígbà tó yá ni mo yá fóònù ọkùnrin náà, mo pe Dámilọ́lá, torí nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ sórí.

Ó ní, "Mama, bist du nicht in der Kirche?" Ó ní ṣé n kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Mo ní, "Fún mi ní nọ́ńbà ilẹ̀kùn, kí o sì gbàgbé pé mo pè ọ́."

Ó fún mi. Kò sì gbàgbé. Àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí n padà sí yàrá àdúrà lọ́jọ́ yẹn. N kò padà. Mo fi owó kún un, mo sì ń sùn títí ọjọ́ ààwẹ̀ fi pé. Mo tún ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Kọ́kọ́rọ́ ilé àdúrà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Nígbà tí mo ń dirù láti padà sí Hamburg ni mo rí kẹ́ẹ̀gì Bọ́lá nínú báàgì, òfìfo gbáà.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ ti máa bínú sí mi jù. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọwọ́ tó wà nínú balùwẹ̀, mo pọn ọ́n kún. Mo sì dé e pa.

Àwọn arábìnrin ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Altona. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n kígbe.

"Ẹ wo bí ojú Màmá ṣe ń dán! Ògo Ọlọ́run nìyẹn!"

Ògo oorun ni. Ojú mi kò tíì dán bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wá sí Germany.

Bọ́lá gba kẹ́ẹ̀gì náà bí ẹni gba ìkókó. Ó ní, "Màmá, kí ni Ẹ̀mí sọ?" Ẹnu mi yìí, tí kì í dákẹ́ nígbà tó yẹ, ló ní, "Obìnrin ni. Ẹ pè é ní Ìsinmi." Orúkọ wo ló tún máa wá sẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn bẹ́ẹ̀?

Ọdún náà kò parí tí Bọ́lá fi lóyún. Ó bí obìnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìsinmi.

Ọlọ́run ló ṣe é, èmi kọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Wọ́n sọ mí di Ìyá Àdúrà. Bí mo bá húkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ṣe àmín. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ má bínú. Mo rò pé irọ́ tó bímọ kì í ṣe irọ́ burúkú. Mo rò bẹ́ẹ̀ títí Kẹ́hìndé fi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún yìí.

Arábìnrin Kẹ́hìndé, inú ìjọ kan náà la wà. Ó ń ṣa ẹja lọ́wọ́, ó wá sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé wọ́n rí kókó kan nínú ọmú òun. Dókítà fẹ́ yọ ọ́ kíákíá. Ó ní òun ti fagi lé Termin náà, ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ náà.

Mo ní, "Nítorí kí ni?"

Ó ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ gé, Màmá, nígbà tí omi Berlin wà? Ẹ bá mi lọ. Ṣebí Ìsinmi nìyẹn tó ń sáré kiri ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ síbi Termin rẹ̀ ná, ká máa bá àdúrà lọ. Ó ní àìnígbàgbọ́ nìyẹn. Mo ní dókítà náà, Ọlọ́run ló rán an. Ó ní òun ò retí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Ìyá Àdúrà. Kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí àpò ìrẹsì, mo sì sọ ọ́.

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Omi ibo?"

"Ti balùwẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọwọ́."

"Ẹ ò sì gbààwẹ̀?"

"Mo jẹ ẹyin."

Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí ó fi di ṣẹ́ẹ̀fù mú. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmá, ẹ fẹ́ kí n kú nítorí omi ìfọwọ́!" Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi àgbàlagbà, láàárín ẹja gbígbẹ. Ó ní kí n dìde, kí n gbé fóònù wá. Ó pe ọsibítù níwájú mi, ó sì gba Termin mìíràn.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n gbé e wọlé, mo jókòó sórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀, mo sì gbàdúrà. N kò pariwo. N kò sùn. N kò fi nǹkan kan kan ẹnu títí wọ́n fi gbé e jáde. Wọ́n ní wọ́n tètè bá a, ó máa yè. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan kan sọ̀ kúrò léjìká mi tí n kò mọ̀ pé mo ti rù pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo jáde síta, mo ra àkàrà òyìnbó, mo jẹ ẹ́ nínú òjò, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí mi á rò pé orí mi ti yí.

Kẹ́hìndé ti dárí jì mí. Ó ti padà máa ra ẹja lọ́wọ́ mi, ó ní kí n dín owó rẹ̀ kù fún òun nítorí omi ìfọwọ́. Mo dín in kù. Ó ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ẹnu ara mi ni kí n fi sọ fún Bọ́lá.

Bọ́lá ló kù. Ó ṣì tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Bí ara ọmọ bá gbóná, ó máa ń fi pa á níwájú orí. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, omi yẹn ló máa gbára lé níbi tó ti yẹ kó sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, màá gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ náà tí n kò lè dá padà.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá, mo ti pinnu pé màá sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn. Bọ́lá jókòó tì mí. Kí n tó la ẹnu, Ìsinmi gun orí itan mi, ó fi sùtánà mi bo ara rẹ̀, ó sì sùn lọ fọnfọn. Bọ́lá wò wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kì í sùn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, Màmá." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Itan mi kú títí àwọn oníjó fi wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí n jí i ni, àbí kí n jẹ́ kó sùn?