Ìṣísẹ̀ Mẹ́tàdínlógún

Ẹ̀yin ará mi nínú Ẹgbẹ́ Abẹ̀wò, ẹ má tíì kan ìṣó yẹn mọ́ ògiri. Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ ti sọ fọ́tò mi di gbàgàdà, ẹ sì ti fi gíláàsì bò ó lójú. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ẹ fẹ́ gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngàn, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lè máa wo ojú mi kí wọ́n tó gba káàdì àbẹ̀wò tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́nà ọ̀fun mi láti ọdún mọ́kànlá. Mo gbé e mì, kò lọ, mo fẹ́ tu ú, kò jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà gbé irin tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé mi láyà, ó ní kí n má ṣe ètò tó jìnnà mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, èmi tí mo fi ogójì ọdún tún aago ṣe, ṣé ẹ rò pé etí mi ò mọ aago tó fẹ́ dúró ni?" Bó bá máa dúró, kó dúró, ṣùgbọ́n òtítọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ jáde. Tíṣà tó ń bẹ̀ mí wò ní Ọjọ́bọ̀ ni mo bẹ̀ pé kó ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ má dá a lẹ́nu kọ́ o, bó ti wù kí inú bí yín tó. Èmi ni kí ẹ bínú sí.

Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn ò ní mọ Ìyá Aránṣọ. Gbogbo ẹ̀wù funfun tí ẹgbẹ́ akọrin ń wọ̀ títí dòní, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Nígbà tí ọkọ wọn kú, tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ọkọ níbi tó jìnnà, tí ìbàdí wá ń dùn wọ́n tí wọn ò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, yàrá kan tó gùn tẹẹrẹ ni wọ́n ń dá gbé, ní àjà kejì ilé tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà lẹ́bàá fèrèsé, àga wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn sì wà ní òpin kejì yàrá pátápátá. Èmi ni ẹgbẹ́ yàn fún wọn. Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin, ni ọjọ́ tèmi. Ẹ mọ òfin wa: ká wọlé, ká jókòó, ká ka Bíbélì díẹ̀, ká béèrè ohun tí ẹni náà ń fẹ́, ká gbàdúrà, lẹ́yìn náà ká kọ ohun tó sọ sínú káàdì. Àlùfáà á mú káàdì kan tàbí méjì kà fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo lọ tinútinú. Bí mo bá ti ń yọ, Màmá á ti bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀gá Aago, ẹ fi ìṣẹ́jú méje pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún aago gbogbo ayé ṣe, ta ni ká bẹ̀ kó bá wa tún tiyín ṣe?" A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá kì í tán. Yàtọ̀ sí alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ tó ń gbé omi gòkè fún wọn, tó sì ń sáré padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti Ìṣẹ́gun dé Ìṣẹ́gun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ dè mí. Bí mo bá dìde, wọ́n á di apá ẹ̀wù mi mú: "Ẹ dúró ná, bọ́tìnnì yín kan ń mì." Wọ́n á wá abẹ́rẹ́, wọ́n á wá òwú, wọ́n á ní kí n bá àwọn fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ìdajì wákàtí ti lọ nìyẹn. Mo tiẹ̀ fura nígbà kan pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń tú u. Kàkà kí ọkàn mi rọ̀, ṣe ló sú mi. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́: ẹnì kan ń fi bọ́tìnnì bẹ̀ mí pé kí n má lọ, èmi ń wo aago.

Ìṣẹ́gun kan, òjò ṣú. Kò rọ̀ tó èyí tí ènìyàn lè fi fọwọ́, ó kàn ń kán ni, mo sì jókòó sílé mi. Lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà nawọ́ sí mi: "Káàdì yín dà, sà?" Ojú tì mí láti sọ pé irú òjò bẹ́ẹ̀ ló dá mi dúró. Mo kẹ̀yìn sí i, mo kọ ọ́ pé, 'A ka Sáàmù kan. Màmá dúpẹ́ pé òjò kò lè dá ìránṣẹ́ Olúwa lọ́nà.' Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àlùfáà ka káàdì náà, gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀, obìnrin kan nu ojú. Inú mi dùn. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú rẹ̀ títí dòní, inú mi dùn. Ìyàwó mi tó jókòó tì mí kò wò mí. Nígbà tí a délé ló ní, "Bàbá, òjò Ìṣẹ́gun yẹn, ṣebí orí àga yìí lẹ wà tó fi dá?" Mo ní, "Àwọn tó gbọ́ ọ ò rí ìtùnú ni?" Ó ní, "Màmá ńkọ́?" Mo pariwo mọ́ ọn pé kó sinmi. Kò tún béèrè mọ́, ó sì gbé e lọ sínú sàréè. Kí Ọlọ́run má kà á sí i lọ́rùn. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti dá ọgbọ́n kan. Mi ò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irọ́, nítorí náà mò ń gun àtẹ̀gùn lọ lóòótọ́. Màá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, màá ka ení, èjì, títí dé ogún, màá sì yí padà. Bí wọn ò bá ṣí i, ṣebí mo wá? Mo mọ̀ dájúdájú pé ìbàdí yẹn kò lè gbé wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn kí n tó ka ogún. Bí mo bá délé, màá kọ káàdì tó dùn bí oyin. Wọ́n ń pè mí ní Ẹlẹ́nu Ìtùnú nínú ìjọ. Ìyàwó oníbúrẹ́dì tiẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn kan: "Bàbá, ọ̀rọ̀ Màmá yìí ń wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣé kí n máa yà kí wọn ní ọjọ́ Ẹtì?" Bó bá wọlé, ó máa gbọ́ ohun tí ojú Màmá ń rí. Mo ní, "Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Màmá ní àwọn ò fẹ́ èrò, pé èmi nìkan ti tó." Ó ní, "Ó dáa, sà. Ẹ bá mi kí wọn o." Báyìí ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìta. Àlùfáà, tó ń gbé oúnjẹ Olúwa lọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bi wọ́n bóyá mò ń wá. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Aago ń wá. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Èmi ni mi ò yára." Àlùfáà rò pé àwàdà ni, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n mu omi kí n tó sọ èyí tó kù. Ìṣẹ́gun kan tí oòrùn mú, mo kanlẹ̀kùn. Mo ka ení, mo ka èjì. Ohùn Màmá jáde láti inú, ohùn tí mi ò gbọ́ fún bí oṣù mẹ́rin: "Mò ń bọ̀ o! Ọ̀gá Aago, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí lónìí. Mo ti dìde tẹ́lẹ̀. Mò ń bọ̀!" Orí ìdúró ni wọ́n ti ń retí aago mẹ́rin. Mo gbọ́ ọ̀pá wọn, kò, kò, kò, ó yára ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin ará, ǹ bá dúró! Kí ló ń lé mi? Kò sí nǹkan kan. Ìtìjú ni: bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ojú wo ni màá fi wò wọ́n? Mo bọ́ bàtà mi. Mo mú un dání, mò ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ bí olè, kí wọ́n má baà gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ti dé ìdajì àtẹ̀gùn nígbà tí nǹkan ṣubú lókè, gbì! Ọ̀pá yí gbirigbiri lórí pákó, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Mo dúró. Mo sọ fún ara mi pé àga ni. Mo wọ bàtà mi padà, mo de okùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mo fara balẹ̀ de okùn bàtà. Nísàlẹ̀, alágbàfọ̀ tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Màmá ńkọ́? Mo fẹ́ gbé omi gòkè fún wọn báyìí." Ẹnu mi yìí, ẹnu tí ẹ ń pè ní ti ìtùnú, òun ló sọ pé, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Jẹ́ kó di àárọ̀." Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi padà sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fi èjìká já ilẹ̀kùn. Ó bá Màmá nílẹ̀, ọwọ́ wọn kan nà sí ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì sáré wá sọ fún mi, káàdì mi wà lórí tábìlì, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá wà lálàáfíà, pé a jọ gbàdúrà. Ó mú un, ó kà á, ó bú sẹ́kún: "Ẹ̀yin lẹ rí wọn gbẹ̀yìn lórí ẹsẹ̀ wọn."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò nílé ìwòsàn. Mo lọ, mo sì wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ wọn obìnrin ti dé, ó jókòó sí apá kan ibùsùn. Màmá la ojú, wọ́n na ọwọ́ sí apá ẹ̀wù mi, wọ́n ń fi ìka wá bọ́tìnnì. "Ọ̀gá Aago, ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Mo gbìyànjú. Mi ò yára tó." Àwọn ló ń bẹ̀ mí! Ọmọ náà di ọwọ́ mi kejì mú, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kí ìyá mi dá wà." Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́ débi tí gbogbo ènìyàn fi sunkún. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo ní Màmá sọ fún mi, inú ara mi ni mo ti hun ún. Nígbà tí a lọ kó ẹrù wọn, mo fi ẹsẹ̀ mi wọn gígùn yàrá náà: láti àga dé ẹnu ilẹ̀kùn, ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Àga kejì wà níwájú àga wọn. Àwo kékeré kan wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, bọ́tìnnì mẹ́fà wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn bá àwọ̀ àwọn ẹ̀wù mi mu. Alágbàfọ̀ ní, "Gbogbo Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń ní kí n bá àwọn nu àga yẹn." Láti ọjọ́ náà, kò kí mi mọ́.

Ó ti di ọdún mọ́kànlá. Ìyàwó mi ti lọ. Ẹsẹ̀ òsì mi kú lọ́dún tó kọjá, orúkọ mi sì bọ́ sínú ìwé àwọn tí ẹ ń bẹ̀ wò. Láti àga mi dé ẹnu ilẹ̀kùn mi, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Mo ti fi aago tó péye wọ̀n ọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Tíṣà kanlẹ̀kùn, mo pariwo pé mò ń bọ̀, mò ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó sì dá mi lójú pé mi ò ní bá a níbẹ̀. Mo bá a. Orí ìdúró ló wà tó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò lọ?" Ó wò mí bíi pé orí mi yí. "Ṣebí ẹ ní ẹ ń bọ̀, sà." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló wó mi palẹ̀. Mo sunkún débi pé ó fẹ́ pe dókítà.

Ọdọọdún ni ọmọ Màmá ń kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí mi. Òun náà ni ẹ pè wá kó wá ṣí aṣọ lójú fọ́tò yẹn, ó sì ti wọ̀ sílé Àlùfáà láti ìjẹrin. Mo ní kí Tíṣà mú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí lọ fún un kó tó dé etí yín, torí òun ni mo ṣẹ̀ jù láyé. Lánàá, ẹnì kan kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, "Mò ń bọ̀!" Kò sí èsì. Mò ń wọ́ lọ, mò ń retí ìró ẹsẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ọmọ Màmá ló dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ò jẹ́. "Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Mi ò torí ìyẹn wá." Ó wọlé, ó jókòó. Ó ní, "Mi ò tíì lè dárí jì yín o, sà. Ká má purọ́, irọ́ ti tó láàárín wa. Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo kọ sí yín. Mọ́kànlá!" Mo ní, "Gbogbo wọn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi." Ó ní, "Ẹ kó wọn fún mi." Mo kó wọn fún un. Ó dìde, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà, ó ń wo àyà ẹ̀wù mi. "Bọ́tìnnì yín kan ń mì," ó ní. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó sì dá a padà. "Mi ò mú abẹ́rẹ́ dání. Ó di Ìṣẹ́gun."

Mi ò mọ̀ bóyá yóò wá. Bí kò bá wá, mi ò lẹ́nu láti bá a wí. Mo ti ní kí Tíṣà bá mi gbé àga kejì síwájú tèmi, mo sì ti nù ún. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ gba káàdì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè, kí ẹ sì fi ògiri yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò bá lọ, ẹ fi káàdì yín náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ jẹ́ kí ojú tì yín, ìtìjú yẹn ò ní pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá sì kanlẹ̀kùn, tí ohùn kan láti inú bá ní òun ń bọ̀, ẹ dúró. Ẹsẹ̀ wa ò yára mọ́, ṣùgbọ́n lóòótọ́ là ń bọ̀.